Ohùn Obìnrin Méjì Inú Fíìmù Jámánì

Sátidé, 11 Jánúárì

Òtútù mú mi dé inú eegun lónìí. Hítà gbọ̀ngàn Shiloh ò gbóná, ṣe ló ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ ìrù ẹ̀.

Shiloh, tó ń darí gbọ̀ngàn àdúgbò wa, fi fíìmù tó fẹ́ kí n bá òun ṣe hàn mí. Fíìmù àwọn Jámánì ni, dúdú àti funfun, ó ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí ohùn kankan níbẹ̀. Ẹnu wọn ń mì, èèyàn ò gbọ́ nǹkan kan. Tó bá ṣe díẹ̀, ọ̀rọ̀ Jámánì á yọ lójú àwòrán, lẹ́tà tó rí kọ́lọkọ̀lọ, ẹnu á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lórí ẹ̀ pẹ̀lú máìkì, kí n máa fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn, ọkùnrin, obìnrin, àti ọlọ́pàá. Council, ìjọba ìbílẹ̀ wa ní London níbí, ló fún Shiloh lówó pé kó fi èdè táwọn ará Peckham ń sọ gbé fíìmù àtijọ́ jáde. 22 Fẹ́búárì ni ọjọ́ tá a máa ṣe é.

Uncle Kóyọ̀dé tí wọ́n ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Kennington máa wá wò mí. Tí mo bá ṣe é dáadáa, wọ́n máa gbà mí kí n wá kọ́ iṣẹ́ ohùn lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò bèèrè sátífíkéètì. Torí ìyẹn ni mo ṣe gbà. Iléèwé ti lé mi kí n tó gba sátífíkéètì kankan, torí pé mo fi ohùn Headteacher sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ pé omi ti ya wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí gbogbo èèyàn máa lọ sílé. Ohùn yẹn péye. Tíṣà méjì náà lọ sílé.

Ìtàn fíìmù náà ò le. Hedwig jẹ́ opó, ó ń tún dùùrù ṣe. Lotte ń rán fìlà obìnrin. Lotte wá gba yàrá nílé Hedwig, wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Bàbá Lotte ti rí ọkọ fún un níbòmíì, ó fà á lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Lotte wọ ọkọ̀, ó tún gba ilẹ̀kùn kejì bọ́ sílẹ̀. Ó parí.

Mo ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó kú ni?"

Shiloh ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Ìdí tí mo fi fi ọdún mẹ́ta wá a nìyẹn. Nínú fíìmù ayé ìgbà yẹn, tí obìnrin bá ti fẹ́ràn obìnrin, one of them has to die. Á mu májèlé, tàbí kó bẹ́ sódò. Habeeb, ìfẹ́ gidi ni o. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Kí ló le níbẹ̀? Èmi tí mo lè ṣe ohùn bọ́ọ̀sì tó fẹ́ dúró.

Túsìdeè, 14 Jánúárì

Ìdánrawò lójú àwọn àgbà tó ń wá jẹun ọ̀sán ní gbọ̀ngàn. Mo fún Lotte ní ohùn ìyá kan tó ń ta ìgbín ní Rye Lane, mo fún Hedwig ní ohùn Headteacher. A dé ibi ìbọ̀wọ́. Lotte ń de bọ́tìnnì ìbọ̀wọ́ Hedwig lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ gan-an níbẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Lotte tèmi ní, "Ọwọ́ yín tutù bí ìgbín inú fíríjì, mà. Ṣé kí n dín in?" Àlhájà Bàrákàt, tá a jọ ń lọ mọ́ṣáláṣí, rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí wọn lára.

Shiloh ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ mọ́yà bí ẹni tí wọ́n gbé bàtà ẹ̀ lọ ní mọ́ṣáláṣí.

"Habeeb, wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n gbádùn ẹ̀ ni."

"Wọ́n ń fi àwọn obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rí wọn."

Mo ní wọ́n rí wọn, aṣọ funfun yẹn fẹ̀ dáadáa. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Túsìdeè, 21 Jánúárì

Lónìí mi ò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Lotte ń gba yàrá lọ́wọ́ Hedwig, Hedwig sì jù ú lọ díẹ̀, torí náà mo jẹ́ kí Lotte fi ohùn kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dè é, mà. Ẹ ṣeun, mà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ti ń rí ara mi ní Kennington.

Nígbà tó tán, Shiloh bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe rí àwọn obìnrin méjèèjì.

Àlhájà Bàrákàt nu ojú. "Ọmọ yẹn dáa. Irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lóde òní. Ẹ wo bó ṣe ń tọ́jú ìyá ọkọ ẹ̀."

"Ìyá ọkọ, mà?"

"Ìyá ọkọ ẹ̀ ni. Ọkọ ló rìnrìn àjò."

Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá Akínbọ̀wálé ní ó yẹ kí wọ́n fi fíìmù náà han ìyàwó ọmọ àwọn ní Nunhead, tí kì í gbé fóònù tí àwọn bá pè é. Shiloh wọ ilé ìdáná lọ. A ń gbọ́ bó ṣe ń fọ kọ́ọ̀pù tó ti mọ́.

Fúráìdeè, 24 Jánúárì

Aunty Motúnráyọ̀, ọ̀rẹ́ Aunty mi, wá láti Nunhead bí wọ́n ṣe máa ń wá ní gbogbo Fúráìdeè. Wọ́n gbé ẹja wá. Aunty mi, Aunty Mìsítúrà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní gáréèjì ni, jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Ìjà ni àwọn méjèèjì fi ń kí ara wọn.

"Ta ló ní kó o ra ẹja?"

"Ṣé ìwọ ni mo rà á fún?"

"Ta wá ni?"

"Habeeb."

"Habeeb kì í jẹ ẹja."

Mo máa ń jẹ ẹja. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Túsìdeè, 28 Jánúárì

Mo yọ ọ̀wọ̀ kúrò. Lotte ń pe Hedwig ní Hedwig, ó ń sọ "ìwọ" sí i. Bàbá Akínbọ̀wálé mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ń gba ilé gbé, tó ń pe onílé lórúkọ. Àwọn Jámánì wọ̀nyí ò tọ́ ọmọ." Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò wo fíìmù mọ́. Àlhájà Bàrákàt ní kí Hedwig lé e jáde, kó gba ayálégbé mìíràn, yàrá ò sí ní Peckham, ẹnì kan á gbà á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó sú mi. Tí mo bá fún Hedwig ní ọ̀wọ̀, ó di ìyá ọkọ. Tí mi ò bá fún un, Lotte di ọmọ burúkú. Kí làwọn tó fẹ́ràn ara wọn ń pe ara wọn gan-an? Mo bi Jordan, ọ̀rẹ́ mi tó ń bójú tó iná àti ẹ̀rọ fíìmù. Ó ní "babe". Yorùbá màmá ẹ̀ ni mo bi í, ṣé ti Netflix ni mo ní kó sọ?

Sátidé, 1 Fẹ́búárì

Òjò láti àárọ̀. Èmi, Shiloh àti Jordan nìkan la wà ní gbọ̀ngàn. A wo ibi ìbọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tí mò ń fi sí wọn lẹ́nu ń bọ́ sílẹ̀ bí eyín àtọwọ́dá.

Shiloh ní lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ìjọba Jámánì mú ojú kúrò lára fíìmù fún ìgbà díẹ̀, kálukú ń ya ohun tó wù ú. Lẹ́yìn náà àwọn ọ̀gá tó ń yẹ fíìmù wò padà dé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Ó ní ní Berlin nígbà yẹn, àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin ní ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n ní ilé ijó tiwọn. Ní ti fíìmù yìí, ibi tí Lotte ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ gé. Tó bá lọ ni, kò burú. Tó bá kú, ó tún dáa jù. Pé ó bọ́ sílẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Àwọn Násì wá dé, gbogbo ẹ̀ di eérú, àfi èyí tí ẹnì kan ti gbé sá kúrò nílùú.

Mo ní, "Ẹ ò wá wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ tó o ń ṣe ohùn gbogbo èèyàn Rye Lane níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ọmọ yìí ń gbọ́ èèyàn. Mi ò tíì yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń fún mi ní orí fífọ́, ìwọ àti Hedwig."

Túsìdeè, 4 Fẹ́búárì

Ohùn mi há. Oyin kékeré, pọ́n-ùn mẹ́fà. Olè ni wọ́n.

Fúráìdeè, 7 Fẹ́búárì

Ọ̀finkìn mú Aunty mi. Aunty Motúnráyọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní àwọn ò lè wá. Fóònù wà lórí tábìlì ilé ìdáná, ohùn ẹ̀ ń jáde síta, èmi ń fọ abọ́.

"Mìsí."

"Hẹn."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lo jẹ?"

"Oúnjẹ."

"Oúnjẹ wo?"

"Motún, mo ní mo ti jẹun."

"Tíì kì í ṣe oúnjẹ."

Wọ́n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó pa fóònù. Mo fọ ìkòkò kan tán pátápátá, wọn ò tíì sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń mí sí ara wọn létí. Lẹ́yìn náà Aunty mi ní, "Wọ kóòtù tó nípọn tó o bá ń bọ̀."

"Mi ò sọ pé mò ń bọ̀."

"Mo gbọ́."

Kò pẹ́, Aunty Motúnráyọ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn nínú ike.

Mo wọ yàrá mi, mò ń sín àwọn méjèèjì jẹ kí n lè fi dá Jordan lẹ́rìn-ín lórí fóònù. Fíìmù wà níwájú mi lórí laptop tí Shiloh yá mi. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo kàn fi ohùn wọn sí i. Aunty mi sínú Hedwig, Aunty Motúnráyọ̀ sínú Lotte.

Ó bá ẹnu wọn mu. Ó bá ojú wọn mu. Ó bá ọwọ́ wọn mu.

Tọ́sìdeè, 13 Fẹ́búárì

Mo já a. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kọ èyí tó kù.

Uncle Kóyọ̀dé wá gbọ́ mi kí ọjọ́ tó pé. Àwọn, Shiloh àti Jordan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú Bàbá Akínbọ̀wálé tí wọ́n rò pé Túsìdeè ni. Nígbà tí a dé ibi ìbọ̀wọ́, Lotte mú ọwọ́ Hedwig, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Hedwig ò wò ó. "Mo ti jẹun." Bọ́tìnnì kan. "Kí lo jẹ?" "Oúnjẹ." Bọ́tìnnì kejì. Mo dákẹ́ níbẹ̀ bí àwọn Aunty ṣe dákẹ́, mo jẹ́ kí ó pẹ́. Hítà gan-an pa ẹnu mọ́.

Bàbá Akínbọ̀wálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àwọn méjèèjì yìí ti jọ pẹ́."

Wọn ò bèèrè ta ni ìyá ọkọ. Wọn ò bèèrè ta ló dàgbà jù. Ojú Shiloh ti pupa. Uncle Kóyọ̀dé bọ̀ mí lọ́wọ́ bí àgbàlagbà. Wọ́n ní, "Ṣe é báyìí lọ́jọ́ náà, kí o wá bá mi ní Kennington lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Báyìí gan-an. Má fi nǹkan kan kún un."

Èmi àti Jordan jọ rìn lọ sí ibùdókọ̀. Mò ń fò.

"Bro, ṣé o mọ ẹni tó o ṣe?"

"Aunty mi àti Aunty Motún. Ó péye, àbí?"

"Ó péye jù." Ó ń wo bàtà ẹ̀. "Mo ti jẹun nílé yín, ìgbà mélòó. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn yẹn, tó ń de ìbọ̀wọ́..."

"Parí ọ̀rọ̀ ẹ."

Bọ́ọ̀sì wa dé, a ò wọ̀ ọ́.

"Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan," Jordan ní. "Ṣùgbọ́n gbogbo mọ́ṣáláṣí yín ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ náà rò ó."

Mò ń rò ó láti ìgbà yẹn. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti dé London ni sálúbàtà Aunty Motúnráyọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo rò pé gbogbo ilé ló ní sálúbàtà ẹlòmíì. Gbogbo ọkùnrin tí Àlhájà Bàrákàt mú wá fún Aunty mi, Aunty mi ní wọ́n kúrú, wọ́n ga, wọ́n ń hanrun. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ẹni tó ń gbọ́ èèyàn.

Fúráìdeè, 14 Fẹ́búárì

Aunty Motúnráyọ̀ wá. Mo ní inú ń run mí, mo jókòó sí yàrá. Mò ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń jà lórí iyọ̀. Mo fi ìrọ̀rí bo etí.

Aunty mi ló ń kéde ní ẹgbẹ́ obìnrin mọ́ṣáláṣí. Tí Aunty mi bá sín nínú máìkì, gbogbo wọn á mọ̀ pé àwọn ni. Aunty Motúnráyọ̀ sì ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Shiloh ti lẹ ìwé ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ náà. Tí mo bá la ẹnu lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa wo Jámánì kankan.

Túsìdeè, 18 Fẹ́búárì

Mo ti gbìyànjú ohùn aláṣọ, ohùn dókítà, ohùn ìyá Jordan, ohùn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú lift. Mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ pátápátá. Mo gbìyànjú ohùn ara mi, ó dà bíi ti ọmọ tí wọ́n ní kó wá ka Kùránì tí kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹ̀ kú sí mi lẹ́nu. Àlhájà Bàrákàt sùn.

Shiloh ní, "Ti Thursday dà?"

"Mi ò rí i mọ́."

"O ò rí i? Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni ohùn?"

"Ẹ wá ẹlòmíì, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Sọ fún mi."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Tí mo bá sọ ìdí, mo ti ṣe ohun tí mò ń sá fún. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó wò mí bíi pé mo jalè. Èmi tí mo ti parọ́ fún gbogbo tíṣà ní Peckham, mi ò rí irọ́ kan pa.

Tọ́sìdeè, 20 Fẹ́búárì

Aunty mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo ṣe gbogbo fíìmù náà bó ṣe yẹ kó rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibùdókọ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè gbọ́ ọ. Nígbà tí Lotte bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, Hedwig ní, "Ta ló ní kó o bọ́ sílẹ̀?" Lotte ní, "Ṣé torí ẹ ni mo ṣe bọ́ sílẹ̀?" Mo sunkún. Mo kọ ọ́ síbí torí kò sẹ́ni tó máa kà á.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wà níwájú pẹ̀lú Àlhájà Bàrákàt. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Aunty Motúnráyọ̀ wà lápá ọ̀tún. Aunty mi ti pààrọ̀ shift, wọ́n wọ aṣọ tí mi ò rí rí, aláwọ̀ osàn. Wọ́n jókòó sí ìlà kejì gan-an. Aunty Motúnráyọ̀ jókòó tì wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fi àga kan sílẹ̀ láàárín, báàgì wà lórí ẹ̀. Uncle Kóyọ̀dé dúró lẹ́bàá ògiri.

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn. Mo ṣe bàbá Lotte, mo ṣe ọlọ́pàá, mo ṣe ẹṣin. Lẹ́yìn náà Lotte kan ilẹ̀kùn, Hedwig ṣí i.

Ohùn tó yẹ wà lórí ahọ́n mi. Mò ń tọ́ ọ wò. Mo wo Àlhájà Bàrákàt, tí wọ́n tẹ etí sílẹ̀. Mo wo àga tí báàgì wà lórí ẹ̀.

Mo bá fún Hedwig ní ohùn bàbá tó ń ta ṣájà fóònù ní Rye Lane. Mo fún Lotte ní ohùn oníwàásù tó ń fi ẹ̀rọ pariwo níwájú ibùdókọ̀ Peckham Rye. Gbogbo èèyàn mọ àwọn méjèèjì. Ẹ̀rín bú sẹ́nu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbọ̀wọ́ dé. Lotte ní, "Arábìnrin, ẹ̀ṣẹ̀ kún ọwọ́ yìí, mú bọ́tìnnì kejì wá." Hedwig ní, "Original ni o, kì í jóná, o lè dá a padà lọ́la." Bàbá Akínbọ̀wálé ń lu itan. Ẹnì kan ṣubú lórí àga. Mi ò ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ẹ̀rín yẹn sì ń dùn mí nínú eyín. Mi ò lè dáwọ́ dúró. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dákẹ́, tí ojú Hedwig bá fẹ́ mú wọn, mo máa ju òmíì sí i.

Uncle Kóyọ̀dé jáde kí ìbọ̀wọ́ tó tán. Aunty mi ò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Aunty Motúnráyọ̀ ò bọ́ kóòtù.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n dìde dúró. Àlhájà Bàrákàt ní kí n wá ṣe é ní ìgbéyàwó ọmọ wọn.

Shiloh wà níta, níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Kò pariwo. Ó ní, "Àwọn Jámánì gé wọn, wọ́n sun wọ́n, wọn ò rí wọn pa. Mi ò mọ̀ pé Peckham ló máa parí ẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo sì fi gbé máìkì fún ẹ."



Sọ́ńdè, 23 Fẹ́búárì

Uncle Kóyọ̀dé kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní mo pa àwọn lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn tó ń pani lẹ́rìn-ín pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Kí n má wá lọ́la.

Mọ́ńdè, 24 Fẹ́búárì

Jordan ní ká lọ jẹ adìẹ. Mi ò lọ.

Fúráìdeè, 28 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Aunty Motúnráyọ̀, tí wọn kì í gbààwẹ̀, ló ra ohun tá a máa fi ṣe sààrì wá: ẹyin, búrẹ́dì, ẹ̀wà, osàn. Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí Aunty mi pè mí sí pálọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga gígùn.

"Jókòó."

Mo jókòó.

"Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fagi lé shift mi. Mo wà nílé, mo dùbúlẹ̀ ní yàrá. Mo gbọ́ ara mi lẹ́yìn ògiri. Mo rò pé orí mi ló dàrú. Mo wá gbọ́ Motún."

"Ẹ má bínú, Aunty."

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Mo gbọ́ ọ títí tó fi tán. Mo sọ fún Motún. Mo ní a máa lọ."

"Ìwọ lo ní a máa lọ," Aunty Motúnráyọ̀ ní. "Èmi ní ká jókòó sílé. Mo ti wo ibi tí ilẹ̀kùn wà kí n tó jókòó."

"Ṣùgbọ́n o wá."

"Ṣé kí n jẹ́ kó o dá lọ?"

Aunty mi yíjú sí mi. "Mo ra aṣọ. Mo jókòó sẹ́yìn Àlhájà Bàrákàt, mo ní ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kó ṣẹlẹ̀ lónìí, ó ti rẹ̀ mí. O wá gbé bàbá oníṣájà fún mi."

Aunty Motúnráyọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Aunty mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Mo rò pé wọ́n máa dá yín mọ̀ ni."

"Mo mọ ohun tó o rò. Ta ló ní kó o rò ó fún mi?"

"Fi ọmọ sílẹ̀, Mìsí. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sun oorun lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

"Ìwọ dúpẹ́. Èmi ò dúpẹ́. Ohun tó wà láàárín èmi àti ìwọ, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo wá ṣe tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rín bò ó."

Inú bí mi. Mo ní mo ti pàdánù Kennington torí wọn. Mo ní Shiloh ò fẹ́ rí mi mọ́, mi ò sì lè sọ ìdí fún un. Aunty mi ò mọ̀ nípa Kennington. Wọ́n wo Aunty Motúnráyọ̀, Aunty Motúnráyọ̀ wo ilẹ̀.

"Màá bá Shiloh yẹn sọ̀rọ̀ fúnra mi," Aunty mi ní. "Bó ṣe máa rí, mi ò mọ̀. Ṣé fíìmù náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà nínú laptop. Mi ò tíì dá a padà."

"Gbé e wá."

Mo gbé e sórí tábìlì, láàárín ẹyin àti osàn. Mo bi wọ́n pé ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Aunty mi ní ibi tí ọmọ yẹn ti kan ilẹ̀kùn. Aunty Motúnráyọ̀ bọ́ kóòtù, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì.

Mo ṣe é. Kò sí máìkì, mo kàn jókòó sílẹ̀ níwájú wọn. Ilẹ̀kùn ṣí. Lotte wọlé. A dé ibi ìbọ̀wọ́.

Lotte ní, "Na ọwọ́ ẹ."

"Mo lè dè é fúnra mi."

"Mo mọ̀. Na ọwọ́ ẹ."

Aunty mi ní, "Èmi kì í sọ̀rọ̀ báyẹn."

"Bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn," Aunty Motúnráyọ̀ ní.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà gbọ́ bó o ṣe ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀?"

"Dákẹ́ ná, Mìsí. Jẹ́ ká gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ."